Owó Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́ Tó Ṣìnà

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti agbègbè rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dárúkọ owó, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tòògbé á la ojú. Ṣùgbọ́n owó tòní kì í ṣe èyí tí a jí lówùúrọ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ni, èyí tó ṣèèṣì wọ àkáǹtì ọmọ wa, tàbí tó wọ àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ lórúkọ ọmọ wa, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé wa láti ìgbà tí NELFUND ti dé, ìyẹn àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin náà le jù, ó ní ìdílé tó ń rí ju ₦500,000 lọ lọ́dún kò gbọdọ̀ débẹ̀, ó sì ní kí ọmọ wá onídùúró. Wọ́n tún un kọ, Ààrẹ sì fọwọ́ sí tuntun ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ ṣí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ti ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà méjì ni owó náà ń gbà jáde. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ kò ní fojú kàn án. Owó ìtọ́jú, ₦20,000 lóṣù, ni wọ́n ń fi sí àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí àgùnbánirọ̀ ni sísan bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú gbólóhùn kan yìí dání kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Kọ́bọ̀ tó bá jáde lórúkọ ọmọ yín, ì báà ṣìnà, wọ́n ti kọ ọ́ sí i lọ́rùn níbìkan.

Ẹ wá jẹ́ ká fojú inú wo ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba yàrá nítòsí ọgbà yunifásítì tí wọ́n ń pè ní Mini Campus ní Àgọ́-Ìwòyè. Fóònù rẹ̀ dún. Ó rò pé àwọn onídátà tún ti dé. Ó wò ó, alẹ́ẹ̀tì ni: ₦20,000. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó tún dún. ₦20,000. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ti fò dìde: "Bọ̀bọ́, Ọlọ́run ti dáhùn! Jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ oníPOS kí wọ́n tó gbà á padà." Kí wọ́n tó gbà á padà, ẹ gbọ́? Ọ̀rẹ́ ti mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká yára pariwo olè. Gbogbo owó tó bá pọ̀ kọ́ ló ṣìnà. Ó lè jẹ́ owó oṣù tó ti kọjá ni wọ́n pa pọ̀ san. Ohun tó yẹ kí ọmọ náà ṣe kó tó jáde ní yàrá ni pé kó wọ ìkànnì NELFUND, kó wo oṣù tí wọ́n ti san àti èyí tí wọ́n jẹ ẹ́, kó ṣírò rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ ẹ́, owó rẹ̀ ni, kó ra gàrí àti ìwé. Bí ìṣirò náà kò bá bára mu, tí wọ́n san oṣù kan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí owó ń wọlé fún ẹni tó ti jáde, tàbí ẹni tó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti di méjì nìyẹn.

A mọ alájọ láyé wa. Bí alájọ bá ṣèèṣì ka owó ẹlòmíì mọ́ tìrẹ lálẹ́ ọjọ́ tó kó o fún ọ, oò lè ní ìwọ kọ́ lo kà á. Òótọ́ ni, ìwọ kọ́ lo kà á. Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbé e délé, ìwọ lo tún un kà, ìwọ lo sì mọ iye tó o dá. Láti ìgbà tó o ti tún un kà yẹn, àṣìṣe alájọ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó o bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tìrẹ ni.

Ohun tí ilé-ẹjọ́ kan ní South Africa sọ náà nìyẹn, bí mo ṣe lóye ẹjọ́ ọ̀hún, ó sì jẹ́ ẹjọ́ tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ní yunifásítì Walter Sisulu, ní agbègbè Eastern Cape, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSFAS ló ń fún ọmọ tálákà lówó ìwé àti owó oúnjẹ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Intellimali ló ń bá wọn pín in. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2017, ọmọbìnrin kan níbẹ̀ ń retí rand 1,400, owó oúnjẹ oṣù náà. Ohun tó wọlé ni rand mílíọ̀nù 14. Òdo mẹ́rin ló lé. Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó gan-an ni ọmọ yìí ń kọ́ o, kì í ṣe pé kò mọ òdo!

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Aṣọ tuntun, fàájì, ọ̀rẹ́ pọ̀ bí yanrìn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, ó ti ná lé ní rand 800,000. Rìsíìtì ọjà kékeré kan ló tú u láṣìírí. Bí ẹ bá ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ pẹ̀lú owó náà, rìsíìtì a máa fi iye tó kù hàn yín. Ẹnì kan rí rìsíìtì tó gbé iye tó ju rand mílíọ̀nù 13 lọ, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó di ohun tí gbogbo ọgbà ń pín kiri lórí fóònù. Wọ́n dí àkáǹtì náà pa. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2022 ni ilé-ẹjọ́ ní ìlú East London dá a lẹ́bi olè jíjà, oṣù kẹta wọ́n ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé-ẹjọ́ gíga ní Makhanda sì gbé ẹ̀wọ̀n náà kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ní kó lọ ṣiṣẹ́ ìlú dípò rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀bi ò kúrò. Láti 2017 tó fi kọjá 2022, ìgbà èwe ọmọ náà ti bá ẹjọ́ lọ.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí. Orúkọ ọmọbìnrin náà ni gbogbo ayé gbọ́. Ta ló gbọ́ orúkọ ẹni tó tẹ òdo mẹ́rin lé e? Ẹni tí ebi ń pa ni wọ́n fa òkùn sí lọ́rùn. Mi ò ní kí wọ́n má dá a lẹ́bi, ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó tó tó ra ilé ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń wá owó oúnjẹ, ó yẹ kí òun náà ní ìjókòó nínú ilé-ẹjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin kan á ní, South Africa nìyẹn, òfin tiwa ńkọ́? Òfin tiwa le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, abala 383, ló sọ ohun tí olè jíjà jẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ owó, ẹni tó fi ẹ̀tàn mú owó ẹlòmíì tó sì fẹ́ ná an bó ṣe wù ú ti jalè, kódà bó bá ní i lọ́kàn pé òun á san án padà tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, nítorí ibí yìí ni ẹsẹ̀ yín ti ń yọ̀: "Màá dá a padà bí mọ́mì bá fi owó ránṣẹ́" kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níwájú òfin yẹn. Abala 390 wá fi kún un pé bí ohun tí wọ́n jí bá ti tó ₦1,000, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 7. ₦1,000 o! Nígbà tí wọ́n kọ òfin yẹn, owó gidi ni. Lónìí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì kí ẹ wo ojú tó máa fi wò yín. Òfin náà ṣì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Edo, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, gbé ọkùnrin kan lọ sílé-ẹjọ́ lórí nǹkan bíi ₦1.5 bílíọ̀nù tó ṣèèṣì wọ àkáǹtì rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ báǹkì ṣe ségesège, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ọkùnrin náà ló lọ mú un ní báǹkì.

Mo ti bá àwọn ọmọ wí tó. Ó kan àwọn àgbà.

Nínú ọ̀rọ̀ NELFUND yìí, owó tó ṣìnà jù kọ́ ló wà nínú fóònù ọmọ yín. Èyí tó wà ní àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ ló yẹ kí ẹ wá. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan ń la pákó ní sọ́míìlì níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó, ṣùgbọ́n owó náà ò tètè dé, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹni tí kò bá sanwó kò ní wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Bàbá yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó san ₦100,000, ó gba rìsíìtì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, NELFUND fi ₦100,000 ọmọ yẹn kan náà ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ti wá ní ₦200,000 lórí orí kan. Bàbá jẹ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ₦100,000. Ọmọ jẹ ìjọba ní ₦100,000. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan, gbèsè ẹ̀ẹ̀mejì! Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì sọ̀rọ̀, ọmọ á parí àgùnbánirọ̀, á ríṣẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ohun tí bàbá rẹ̀ ti san tán.

Àlá kọ́ ni mo ń rọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ jáde sọ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti gba owó, wọn ò sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá owó padà fún ọmọ tó ti san tẹ́lẹ̀. Láàárín àkókò yẹn náà ni ìròyìn jáde pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga 51 ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń gé láàárín ₦3,500 sí ₦30,000 nínú owó akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ṣí ìwádìí sílẹ̀. Ẹ̀sùn ni o, mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí afẹ́fẹ́, n ò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá gbé ₦20,000 tí kì í ṣe tirẹ̀ pamọ́, olè là ń pè é. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbé ₦100,000 tí kì í ṣe tirẹ̀ pamọ́, wọ́n á ní "àtúnṣe ìwé ń lọ lọ́wọ́". Òfin tí mo kà ní ẹ̀ẹ̀kan, mi ò rí ibi tó ti ní ó yọ ọ́fíìsì sílẹ̀. Owó tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn ti gbà lẹ́ẹ̀mejì, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ni ó ti di ẹrù tó wà lọ́rùn wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí owó bá ṣìnà sọ́dọ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì gbé e sí àkáǹtì míì "kó lè wà láàbò". Gbígbé e kiri yẹn gan-an ni ọlọ́pàá á kọ́kọ́ bi yín. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má kàn lọ sọ ọ́ lẹ́nu, nítorí òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Lẹ́tà kan fún báǹkì, ọ̀kan fún ọ́fíìsì bọ́sárì ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fi ẹjọ́ náà sun NELFUND lórí ìkànnì wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé, iye rẹ̀, àti iye tó yẹ kó jẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan, kí ẹni tó gba lẹ́tà náà lu òòtẹ̀ sí ẹ̀dà yín, kó kọ ọjọ́ sí i. Bébà olóòtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí yín bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè lọ́dún mẹ́ta sí i.

Àwọn tó ti ná an ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n wà lára ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ebi ò sì jẹ́ kí èèyàn rántí abala 383. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Ẹ lọ kí wọ́n tó wá, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ ti ná, kí ẹ dá èyí tó kù padà, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá àti ẹni tí wọ́n lọ mú nílé, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n fi ń wò wọ́n.

Àwọn oníjìbìtì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń ba àwọn ọmọ wa lẹ́rù, wọ́n sì ti sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹnì kan á pe ọmọ yín: "Mo ń pè láti NELFUND. A ti san owó lé ọ lórí. Fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọlọ́pàá ń bọ̀." Ọ̀pọ̀ ìgbà, alẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ní owó kankan nínú, bẹ́ ẹ bá wo àkáǹtì fúnra rẹ̀, bó ṣe wà ló wà. Èyí tó burú jù ni kí owó gidi wọlé, kó jẹ́ owó tí wọ́n jí níbòmíì, kí wọ́n wá ní kí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ọmọ á rò pé òun ń dá owó padà, láìmọ̀ pé àwọn olè ti sọ òun di afárá. Ẹ má ṣe dá owó padà fún ohùn tó ń pè lórí fóònù. Ẹ wọ báǹkì lọ, kí báǹkì fúnra rẹ̀ yí owó náà padà síbi tó ti wá, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Bí ẹni náà bá ń pariwo pé àkókò ń lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ lókè òkun, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ bá fi yunifásítì sílẹ̀ láàárín ọdún, owó tí Student Loans Company ti san kọjá ọjọ́ tó kúrò, wọn kì í dúró dìgbà tó bá ríṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Ibi tó ń dun àwọn èèyàn wa ni pé lẹ́tà á máa lọ sí àdírẹ́sì tí ọmọ ti kó kúrò níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ bá rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìlú tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sì sọ fún ilé-ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì ìrànwọ́ lè gé owó ìjọba tó ti fún un tẹ́lẹ̀, kí ó sì ní kó dá a padà. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lókè òkun tẹ́ ẹ ń ṣètò ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, ẹ sọ fún ọmọ náà pé kó fi tó ilé-ẹ̀kọ́ létí kí ẹ tó ya fọ́tò pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì.

Ìyá kan lè máa bi mí nílé báyìí pé: "Èmi ò mọ ìkànnì, n ò mọ ìwé, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ ti gbowó ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì?" Màámi, ẹ pe ọmọ náà lálẹ́ òní. Kó ṣí ojú-ewé ẹ̀yáwó rẹ̀ lórí fóònù níwájú yín, kó ka iye tí wọ́n ní wọ́n ti san fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n san án. Ẹ lọ mú rìsíìtì tẹ́ ẹ tò sínú Bíbélì tàbí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó ka ọjọ́ àti iye ti ìyẹn náà. Bó bá jẹ́ sáà ẹ̀kọ́ kan náà ni méjèèjì sanwó fún, ẹ̀dà rìsíìtì àti ojú-ewé yẹn ni kó so mọ́ lẹ́tà lọ sí bọ́sárì. Wọ́n lè sọ fún un pé àwọn á yọ owó náà nínú ti ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn lè dára fún ọmọ tó ṣì ní ọdún níwájú. Ṣùgbọ́n bó bá wà ní ọdún tó kẹ́yìn, kò sí ọdún tó ń bọ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nínú rẹ̀, owó yín ni kó béèrè. Èyí tó wù kí wọ́n fọwọ́ sí nínú méjèèjì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òòtẹ̀ sí i.